Lightsaber ní Ìbàdàn: ìbéèrè tí a sábà ń gbọ́ lórí rírà á àti fífi í jà

Àwọn tó fẹ́ ra lightsaber, idà ìmọ́lẹ̀ bíi ti inú fíìmù Star Wars, ń pọ̀ sí i ní Ìbàdàn, ìbéèrè wọn sì máa ń jọra. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹ lè kà wọ́n kí ẹ tó náwó. Ohun kan ṣáájú gbogbo rẹ̀: ẹ ra ìbòjú tó ń dáàbò bo ojú lójú ìjà kí ẹ tó ra idà. Bí owó yín kò bá ká méjèèjì, ẹ ra ìbòjú, kí ẹ fi páìpù àti fóòmù ṣe idà fúnra yín. Ẹni tó ní idà olówó iyebíye tí kò ní ìbòjú kò tíì ní ohun tó lè fi jà.

Kí ni wọ́n fi ṣe idà yìí? Ṣé iná rẹ̀ lè jó èèyàn?

Kò lè jó ẹnikẹ́ni. Ọ̀pá ike tó ní ihò nínú ni ohun tó ń tàn yẹn. Polycarbonate ni wọ́n ń pe ike náà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe apata tí ọlọ́pàá fi ń gba òkò. Alumíníọ̀mù ni èèkù rẹ̀. Nínú èèkù yìí ni iná LED, bátìrì, sípíkà kékeré àti pátákó (circuit board) tó ń darí wọn wà. Pátákó náà máa ń mọ̀ bí ẹ bá ju idà, ó sì máa ń mọ̀ bí idà bá kan idà, yóò wá gbé ohùn tó bá a mu jáde.

Inú fíìmù Star Wars ti ọdún 1977 ni ayé ti kọ́kọ́ rí i. Ọwọ́ fíláṣì kámẹ́rà àtijọ́ kan, Graflex, ni wọ́n tún ṣe tó fi di èèkù idà nínú fíìmù yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n ya fíìmù tán ni àwọn ayàwòrán wá fi ọwọ́ ya ìmọ́lẹ̀ sórí ọ̀pá. Ohùn tó ń hùn bí ẹ bá tan án, Ben Burtt ló ṣe é: ó po ariwo mọ́tọ̀ ẹ̀rọ sinimá mọ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí, torí pé Queen Cinema tí a ti ń wá bátìrì idà lónìí, ilé sinimá ló fún àdúgbò náà lórúkọ.

Ẹ ṣọ́ra fún LED fúnra rẹ̀. Ẹ má tan èèkù tí kò ní ọ̀pá lórí kí ẹ wá wo inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà le fún ojú. Ẹni tó ní wárápá tí iná tó ń ṣẹ́jú máa ń gbé dìde, kí ó yan àwọ̀ tó dúró ṣinṣin, kí gbogbo ẹni tó bá a ṣeré náà sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kí n rà bí ó bá jẹ́ pé ìjà ni mo fẹ́ fi ṣe?

Oríṣi méjì ló gbòde. Àkọ́kọ́ ni èyí tí iná rẹ̀ wà nínú èèkù, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ọ̀pá òfìfo lọ sókè. RGB ni àwọn tó ń tà á máa ń pè é. Ìkejì ni pixel, èyí tí ìlà iná kéékèèké wà nínú ọ̀pá rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó.

Pixel rẹwà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń gùn jáde láti èèkù bíi ti inú fíìmù, ó mọ́lẹ̀ ju RGB lọ, ó sì tàn dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n iná inú rẹ̀ so kọ́ra wọn ni. Bí ẹyọ kan bá kú nítorí pé wọ́n gbá a, gbogbo èyí tó wà lókè rẹ̀ lè kú tẹ̀lé e. Ẹ óò wá máa dúró de ọ̀pá tuntun láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá pixel kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀pá RGB kò ní nǹkankan nínú. Bí ó bá sán, ẹ yọ ọ́, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, ìjà ń bá a lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí ó fi RGB bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ń fẹ́ pixel. Ẹ fi í ṣe ìkejì, kí ẹ máa gbé e lọ síbi ayẹyẹ àti yíya fọ́tò.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ṣe fún gbígbé kọ́ ògiri nìkan, tí ọ̀pá wọn kì í yọ. Ẹ má fi wọ́n gbá ohunkóhun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùtajà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ọ̀pá rẹ̀ ń yọ, ṣé a sì lè fi gbá idà mìíràn tagbára-tagbára? Bí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ ti mọ ìdáhùn.

Báwo ni ọ̀pá rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, kí ni sísanra rẹ̀?

Ọ̀pá tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ ní íǹṣì kan, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 25. Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pá íǹṣì kan kò sì ní wọ inú èèkù wọn, nítorí náà ẹ wo ìwọ̀n ẹnu èèkù kí ẹ tó ra ọ̀pá lọ́tọ̀. Gígùn tó wọ́pọ̀ jẹ́ íǹṣì 36, bíi sẹ̀ǹtímítà 91. Ẹni tí kò ga púpọ̀ máa gbádùn íǹṣì 32, bíi sẹ̀ǹtímítà 81, torí pé apá kì í tètè rẹ̀ ẹ́.

Ara ọ̀pá lè nípọn ní mílímítà 2 tàbí 3. Mílímítà 3 ni àwọn tó ń gbá ara wọn gan-an máa ń lò, pẹ̀lú aṣọ ìjà tó ní tìmùtìmù káàkiri. Fún wa níbí, tí ọ̀pọ̀ kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀, mílímítà 2 ni mo fara mọ́. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti dá dúró kí ó tó balẹ̀ sára ẹnìkejì. Ṣóńṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí roboto. Ẹ sá fún acrylic pátápátá: ó jọ polycarbonate lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́, ẹ̀fọ́kù rẹ̀ máa ń mú bí abẹ.

Èló ni?

Iye dọ́là ló ń pinnu rẹ̀, nítorí náà ẹ fi dọ́là ṣírò kí ẹ tó yí i sí náírà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó. RGB tó ṣeé jà máa ń wà láàárín dọ́là 60 sí 150. Pixel sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 150, ó sì lè kọjá 400. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti owó aṣọ́bodè mọ́ ọn. Ó dùn mí bí èèyàn bá kó gbogbo owó rẹ̀ sórí èèkù tó jọ ti akọni inú fíìmù, tí kò wá ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù fún ìbọ̀wọ́.

Níbo ni mo ti lè rí i rà ní Ìbàdàn?

Ẹ má retí pé ẹ óò bá a lórí tábìlì ní Dùgbẹ̀ tàbí Gbági. Ti ọmọdé, oníke tó ń nà tó sì ń sún kì, lẹ máa rí láwọn ilé ìtajà ohun ìṣeré, pàápàá bí ọdún Kérésì bá ń súnmọ́lé. Èyí tó ṣeé jà, ẹ óò pàṣẹ rẹ̀ ni. Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ẹ lè gbà á tààrà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tà á, tàbí kí ẹ gba ọwọ́ àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù wá tí wọ́n ń gba owó lórí kílò. Ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bátìrì wà nínú rẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù tó ní bátìrì, ọ̀tọ̀ sì ni iye rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun ní i nílẹ̀ níbí, kí ó ya fídíò fún yín. Kí ó kọ orúkọ yín sórí ìwé, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ idà, kí ó tan idà, kí ó pa á, kí ó yọ ọ̀pá, kí ó sì tún un kì bọ̀ ọ́. Ẹni tó ní ọjà lọ́wọ́ kì í bínú sí irú èyí. Ẹ pàdé rẹ̀ ní gbangba lọ́sàn-án, kí ẹ gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín bóyá ohùn rẹ̀ ń yí, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé ó lè bá mi gbé e wá?

Ó lè gbé e. Kí ó kó èèkù àti ọ̀pá sínú àpótí ńlá tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, kí ó yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ, kí ó fi í sínú báàgì ọwọ́, kí ó sì fi téèpù bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Bí bátìrì kò bá ṣeé yọ, kí ó gbé èèkù náà sínú báàgì ọwọ́. Wákátì wọ́ọ̀tì (Wh) 100 ni bátìrì lithium kò gbọdọ̀ kọjá bí kò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ti idà kò súnmọ́ ọn: bátìrì fóòtì 3.7 tó jẹ́ 3000mAh jẹ́ nǹkan bíi wákátì wọ́ọ̀tì 11.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ti fòfin de kíkó bátìrì lithium-ion lásán bí ẹrù nínú ọkọ̀ òfúrufú tó ń gbé èrò. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó lè mú kí olùtajà fi idà ránṣẹ́ láìsí bátìrì nínú rẹ̀. Ẹ má pè é ní jìbìtì.

Bátìrì wo ni mo máa rà níbí nígbà náà?

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ idà ń lo bátìrì 18650. Nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n rẹ̀: mílímítà 18 ní fífẹ̀, mílímítà 65 ní gígùn. Ẹ óò rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ óò rí èyí tí wọ́n kọ 9800mAh sí lára. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ 18650 tó dára kò ju nǹkan bíi 3500 sí 3600 lọ. Bí ẹni tó ṣe é bá lè parọ́ lórí èyí, ta ló mọ ohun tó kì sínú rẹ̀?

Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 2500 sí 3500 sí, tó wúwo lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ kò ya. Pixel máa ń fa iná púpọ̀, nítorí náà ẹ béèrè èyí tó lè gbé agbára jáde dáadáa. Bátìrì tí kò lágbára yóò máa pa idà lójú ìjà. Àwọn kan ń tú bátìrì láàpútọ́ọ̀pù àlòkù láti yọ ọ́. Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀. Ẹ kò mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí, ẹ sì fẹ́ gbé e mọ́ ọwọ́ kí ẹ máa gbá a.

Ní ti ṣáàjì, ṣáàjà fóònù lásán, fóòtì 5, ampere 1, ló bá ọ̀pọ̀ idà mu. Ẹ má lo èyí tó ń yára. Pẹ̀lú bí iná ìjọba ṣe ń lọ tó ń bọ̀, tó sì máa ń bá agbára òjijì wọlé nígbà mìíràn, power bank ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má sùn ti bátìrì tó ń gba iná.

Ṣé a kò lè ṣe é níbí?

A lè ṣe é. Èèkù alumíníọ̀mù kò ṣòro fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, tó mọṣẹ́ rẹ̀. Àwọn atúnfóònùṣe wa mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀ (soldering) ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe idà yìí nílé lókè òkun lọ, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Pátákó àti ọ̀pá polycarbonate nìkan lẹ máa pàṣẹ.

Fún ìdánrawò, ẹ kò tilẹ̀ nílò iná. Ẹ ra páìpù funfun tí àwọn oníwáyà ń rì mọ́ ògiri, kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ ra fóòmù dúdú tí wọ́n fi ń wé páìpù. Ẹ ki páìpù bọ inú fóòmù, kí fóòmù yọ síwájú ṣóńṣó rẹ̀ bí ìka mẹ́rin, kí ẹ fi téèpù dì í. Oṣù mélòó kan lẹ lè fi kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú oòrùn, torí páìpù tí oòrùn ti pa máa ń ṣẹ́ lójijì.

Irú ìbòjú wo, kí ni ohun mìíràn tí mo nílò?

Fencing mask ni, ìbòjú onírin wíwun tí àwọn eléré idà ń lò. Wọ́n máa ń kọ agbára rẹ̀ sí i ní newton. Èyí tó jẹ́ 350 ni ó kéré jù tí mo lè gbà. 1600 dára jù ú lọ. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀, nítorí náà ẹ rán aṣọ onítìmùtìmù mọ́ ọn níbẹ̀. Télọ̀ àdúgbò yín lè ṣe é.

Àṣíborí ọlọ́kadà máa ń mú ooru, gíláàsì rẹ̀ sì ń kún fún èémí, ẹ kò ní rí ẹsẹ̀ yín. Ìdánrawò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìkan ni mo lè gbà á fún. Gíláàsì lásán kò tó rárá. Ẹyinjú kan ò ṣeé rà lọ́jà.

Ìka ọwọ́ ni ohun tí wọ́n ń gbá jù. Ìbọ̀wọ́ ọlọ́kadà tó ní ike líle lórí oríkèé ìka dára. Ti agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́lé sàn ju ọwọ́ lásán lọ, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo orí ìka tó. Ẹ fi ìdáàbòbò ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún kún un. Àwọn tó ń ta ohun èlò ọ̀kadà ní wọn. Ọkùnrin ní láti dáàbò bo abẹ́ rẹ̀, kí gbogbo wa sì dáàbò bo ọ̀fun.

Òfin wo ni wọ́n fi ń jà?

Ìjà náà ti di eré ìdárayá gidi. Ní Milan, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ni LudoSport ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, wọ́n sì ti ní ilé ẹ̀kọ́ ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ní 2019, àjọ tó ń darí eré idà ní ilẹ̀ Faransé gba lightsaber wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára eré wọn.

Òfin Faransé ti ìgbà yẹn ni mo fẹ́ràn. Inú àmì roboto tí wọ́n fà sílẹ̀ ni ẹni méjì ti ń jà fún ìṣẹ́jú 3. Bí idà bá kan orí tàbí ara, àmì 5. Apá tàbí ẹsẹ̀, àmì 3. Ọwọ́, àmì 1. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 15 ló borí. Bí àwọn méjèèjì bá dé 10, ẹni tó bá kọ́kọ́ kan orí tàbí ara ẹnìkejì ló mú un. Òfin kan ṣì wà níbẹ̀ tó ń mú kí ìjà náà dùn ún wò: ṣóńṣó idà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ gbá kí ó tó gbá. Kò sí gígún wàràwàrà. Àwọn òǹwòran máa ń rí ìgbá náà bí ó ṣe ń bọ̀, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá náà sì ń ráyè dènà rẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe gbá a le tó?

Kí ó kàn án, ó tán. Nínú ìtàn idà yìí, ìmọ́lẹ̀ tó ń gé irin ni, kò sì nílò agbára kankan láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fi gbogbo èjìká gbá ẹnìkejì kò tíì lóye ohun tó mú dání. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ ju idà pẹ̀lú ìyára, kí ẹ sì dá a dúró nígbà tó bá fọwọ́ kan aṣọ. Ìyẹn ṣòro ju gbígbá lọ. Èmi kì í bá ẹni tí kò lè ṣe é jà, bó ti wù kí idà rẹ̀ dára tó.

Ẹni tí wọ́n bá gbá ni kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó sọ pé, “Ó kàn mí.” Bí ẹnìkan bá pariwo “Dúró!”, gbogbo idà ń wálẹ̀, láìbéèrè ìdí.

Ṣé obìnrin lè bá ọkùnrin jà nínú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Eré tí agbára kò sí nínú òfin rẹ̀ ni.

Ìyá mi ní ó jọ nǹkan ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ má bá wọn jiyàn. Ohun tí ojú wọn ti rí nínú ìlú yìí ló ń bà wọ́n lẹ́rù: àwọn ọ̀dọ́ tó kó ọ̀pá dání lálẹ́. Ẹ mú wọn wá wò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n di èèkù mú, kí wọ́n tan án, kí wọ́n rí i pé ike ni. Ìlú Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ni wá, idà kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tí ọmọ òun ń bá jà àti ibi tí wọ́n ti ń jà.

Nítorí ìdí yìí kan náà, ẹ má gbé e káàkiri láìbò. Ẹ yọ ọ̀pá kúrò lára èèkù, kí ẹ kó méjèèjì sínú báàgì tó gùn. Ẹ má tan án nínú máíkírà, ẹ má gbé e jáde lálẹ́ lójú títì, ẹ má sì gbé e súnmọ́ ibi ìpolongo ìbò. Bí ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn bá dá yín dúró, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ sọ pé ohun ìṣeré wà nínú báàgì, kí ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ pé kí ẹ yọ ọ́. Ẹ má fi ọwọ́ yára wọ inú báàgì.

Ní ti ibi tí ẹ ti máa jà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, ì báà jẹ́ pápá yunifásítì, Agodi Gardens tàbí ọgbà ilé ìjọsìn. Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló dára jù: ìmọ́lẹ̀ idà ti ń hàn, ẹ sì ṣì ń rí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀. Koríko tàbí ilẹ̀ gbígbẹ dára ju táìlì lọ.

Ọmọ mi kéré. Ṣé mo lè rà á fún un?

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ká èèkù idà, ẹ ra oníke fún un, kí ó fi gbá afẹ́fẹ́. Ẹ wo ibi tí bátìrì wà: bí ó bá jẹ́ pẹlẹbẹ kékeré bíi bọ́tìnnì, ìlẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sukúrù. Ọmọ tó bá gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákátì díẹ̀. Ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kò sí àgbo níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Sukúrù kékeré tó di ọ̀pá mú ni kí ẹ máa yẹ̀ wò lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi Allen key rẹ̀ dì í kí ó má mì, ṣùgbọ́n ẹ má dì í dì í títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀pá. Ọṣẹ, omi àti aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nu ọ̀pá. Ẹ má fi pẹtiróòlù, tínà tàbí ohun tí wọ́n fi ń pa èékánná rẹ́ kàn án, wọ́n máa ń mú kí polycarbonate sán. Òjò lè ba pátákó jẹ́. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń dí ihò sípíkà, ẹ fi búrọ́ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìkan ni, a kò ní olùkọ́. Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi idà fóòmù bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun ni kó wà lókè èèkù, ìkejì nísàlẹ̀, kí ẹ má fún un pinpin. Ẹsẹ̀ kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn, orúnkún rọ̀ díẹ̀. Kí ẹ tó gbá ara yín rárá, ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe máa rìn síwájú àti sẹ́yìn láì gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìkejì.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan máa gbá, kí ẹnìkejì máa dènà, ní ọ̀nà mẹ́rin péré: èjìká ọ̀tún, èjìká òsì, itan ọ̀tún, itan òsì. Ẹ fi ìsúnmọ́ èèkù dènà, ẹ má fi ṣóńṣó, torí ibi tó súnmọ́ ọwọ́ ló lágbára. Ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè máa bá ara yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti lè ṣe é láìsí pé ẹnì kankan fara gba ìgbá, ẹ fi díẹ̀ kún ìyára rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ipò. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá a lójú pé ẹ ti tó ìjà gidi, ẹ wọ ìbòjú, kí ọ̀rẹ́ yín ju idà sí orí yín pẹ̀lú gbogbo ìyára rẹ̀, kí ó sì dá a dúró ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìbòjú. Bí kò bá tíì lè dá a dúró, ẹ padà sí ọ̀nà mẹ́rin yẹn.